Ayò Inú Tẹlifíṣọ̀n Bàbá Àgbà

Ní ilé wa ní Sabon Zongo, ní Accra, etí mi ni gbogbo wọn dá lẹ́bi. Àǹtí mi, àbúrò ìyá mi, tó ń ta ọṣẹ àti ìpápánu níwájú ilé, kì í rán mi níṣẹ́ mọ́ láì kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ náà gún mi. "Gbé páálí yìí wọlé. Mo ní kí o gbé e wọlé o, mi ò ní kí o gbé e lọ sí Adabraka." Àwọn oníbàárà rẹ̀ á bú sẹ́rìn-ín, títí kan àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá rárá. Èmi náà á bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó rọ̀ mí lọ́rùn kí wọ́n máa pè mí ní adití ju kí wọ́n mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ gan-an.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ gan-an nìyí: etí mi kò mú, òótọ́ ni, Accra ni wọ́n bí mi sí, Yorùbá tí mò ń gbọ́ sì pọ̀ ju èyí tí mò ń sọ lọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ kan tó lè jẹ́ èyí, tó lè jẹ́ ìyẹn. Mo mú èyí tó wù mí. Àǹtí mi wà lójúde níbi tí mo ti lè nawọ́ kàn án, ẹni tí ì bá là á yé mi ní ìṣẹ́jú kan. Mi ò bi í. Mo mọ̀ pé tí mo bá bi í, èsì rẹ̀ lè má dùn mọ́ mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ náà ná.

Bàbá tó bí ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Àgbà, ní ẹ̀rọ géèmù kan tí àwọn òbí mi bá láyé. Ó dúdú, ó fẹ̀ bí àtẹ búrẹ́dì, wọ́n sì lẹ ike tó jọ pákó mọ́ iwájú rẹ̀, bóyá kí ó lè bá àga inú pálọ̀ mu. Kò ní nǹkan púpọ̀ lára. Ohun róbótó kan tí a ń fọwọ́ yí wà lápá òsì, òmíràn wà lápá ọ̀tún, bọ́tìnì bíi mélòó kan sì wà láàárín. Ẹ ó so wáyà rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n, níbi tí wáyà áńténà ń wọ̀, ẹ ó sì máa yí ìkànnì kiri nínú ariwo ṣáṣáṣá títí ẹ ó fi bá a pàdé. Ohun tí ẹ ó rí lẹ́yìn gbogbo wàhálà yẹn ni ìlà funfun kan lọ́wọ́ òsì, ìlà funfun kan lọ́wọ́ ọ̀tún, àti bọ́ọ̀lù kan tó ń lọ tó ń bọ̀ láàárín wọn. Bọ́ọ̀lù náà gan-an kò rí róbótó. Igun mẹ́rin ló ní.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, mo bi Bàbá Àgbà pé ta ló fi ọ̀bẹ gé bọ́ọ̀lù náà.

Ó ní, "Bọ́ọ̀lù yẹn ti ń sáré kí ìyá rẹ tó mọ ìrìn. Kí i dáadáa."

Ní ìgbà èwe rẹ̀, ebúté Tema ni Bàbá Àgbà ti ń ṣiṣẹ́, ó ń ru ẹrù. Alásè kan nínú ọkọ̀ òkun ló fi ẹ̀rọ náà gba aṣọ òfì lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyàwó Bàbá Àgbà kò bá a sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́ nítorí aṣọ yẹn. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni bàbá ti di onímọ̀. Ìtàn bí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣe wọ ilé àwọn ènìyàn, ó mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ ìdílé rẹ̀, kò sì sí àlejò tó máa jókòó sí pálọ̀ wa tí kò ní gbọ́ ọ.

"Lákọ̀ọ́kọ́," á wí, "kò sí ohùn rárá. Ìmọ́lẹ̀ lásán ni. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ ó máa ka iye tí ẹ jẹ, ẹ ó sì máa jà lé e lórí. Wọn á tún fún yín ní ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ aláwọ̀, ẹ ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú tẹlifíṣọ̀n. Tó bá jẹ́ pápá lẹ fẹ́, ẹ lẹ pápá. Tó bá jẹ́ ilé lẹ fẹ́, ẹ lẹ ilé. Bọ́ọ̀lù kan náà ni ṣá. Lẹ́yìn ìyẹn ni ohùn dé, tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ wá mọ ìṣirò. Tèmi yìí, ó mọ ìṣirò. Lẹ́yìn tèmi ni wọ́n wá ṣe èyí tí ẹ máa ń ki ike bọ̀ lẹ́nu, ẹ yọ ọ̀kan, ẹ ki òmíràn. Ibẹ̀ ni ayé ti bàjẹ́."

"Báwo layé ṣe bàjẹ́ níbẹ̀, Bàbá?"

"Ìgbà yẹn ni ènìyàn ti lè dá jókòó, kí ẹ̀rọ máa bá a ṣeré. Ẹ̀rọ tèmi kò mọ ìyẹn. Bí o kò bá ní ẹnìkejì, lọ sùn."

Òótọ́ ló sọ. Ara àpótí kan náà sì ni ibi ìyíwọ́ méjèèjì wà, kò sí wáyà tí ẹnì kan lè fà lọ sí ọ̀nà jíjìn. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe é, àfi kí ẹ jókòó gba èjìká ara yín. Nítorí náà ni mo ṣe mọ òórùn àdí àti òróró mẹ́ńtọ́lù tí Bàbá Àgbà ń fi para ju bí mo ṣe mọ ìwé tí mo kà lọ.

Àwa ọmọ Zongo máa ń sọ pé a fẹ́ gbá géèmù. Bàbá Àgbà kì í sọ bẹ́ẹ̀. Lójú tirẹ̀, ayò ni. Wọ́n kàn yọ ọmọ ayò kúrò nínú ọpọ́n, wọ́n kó o sínú tẹlifíṣọ̀n ni. Bí a sì ṣe ń ta ayò nílé bàbá rẹ̀ ní Ọ̀fà, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ta ti inú tẹlifíṣọ̀n. "Wá," á wí, "jẹ́ ká ta á." Mo ti gbọ́ gbólóhùn yẹn lẹ́nu rẹ̀ láti kékeré. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn nígbà tí ẹ bá ń dá mi lẹ́jọ́.

Nígbà tó yá, awọ funfun bẹ̀rẹ̀ sí í bo ẹyinjú rẹ̀, bíi ti ẹja tí wọ́n ti dín. Ẹlòmíràn á fi ẹ̀rọ sílẹ̀. Bàbá Àgbà ní òun kò ní fi sílẹ̀. Ó ní bọ́ọ̀lù ń sọ̀rọ̀: bó bá kan ògiri, ohùn rẹ̀ wà nísàlẹ̀, bó bá kan ìlà wa, ohùn rẹ̀ a lọ sókè. Ohùn yẹn ń sọ ìgbà tí bọ́ọ̀lù máa dé fún un, ṣùgbọ́n kò lè sọ ibi tó máa gbà dé. Èmi ni mò ń sọ ìyẹn. Èmi tí mò ń bá a díje, èmi náà ni ojú rẹ̀. "Òkè, Bàbá! Ìsàlẹ̀! Ìsàlẹ̀ sí i!"

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìdánwò nìyẹn. Bí mo bá rí i pé ó fẹ́ borí, ẹnu mi á ṣèèṣì. Bọ́ọ̀lù á máa bọ̀ nísàlẹ̀, èmi á pariwo òkè. Bàbá Àgbà á yí ọwọ́, bọ́ọ̀lù á kọjá lọ, ẹ̀rọ á ké. Á wá ní, "Òkè ti Accra lo wí ni, àbí òkè ti Ọ̀fà? Nítorí ti Ọ̀fà, a máa ń gbójú sókè wò ó ni."

Pálọ̀ tí ẹ̀rọ náà wà ni mò ń sùn. Ẹ̀rọ kò gbàyè, ṣùgbọ́n tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n so ó mọ́ ni baba ọ̀ràn. Ẹ̀yìn rẹ̀ yọ bí ikùn ewúrẹ́ tó fẹ́ bí ìbejì. Tí mo bá na ẹsẹ̀ lórí ẹní, àtàǹpàkò mi á wà lábẹ́ rẹ̀. Mo ti fi ìwé sílẹ̀ nígbà náà, mo ní tábìlì kan ní Adabraka tí mo ti ń ta ṣájà àti wáyà etí. Àwọn ọ̀rẹ́ mi tó ń bọ̀ wá wo bọ́ọ̀lù kì í wọ pálọ̀ wa láì bọ́ bàtà bí ẹni wọ mọ́sáláṣí. "Chale, ọ̀rẹ́ wa, ẹ rọra o, ilé ohun àtijọ́ nìyí. Ṣé a máa san owó ìwọlé?" Mo fẹ́ tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ tí mo lè gbé kọ́ ògiri. Mo fẹ́ na ẹsẹ̀. Kò sí ohun mìíràn.

Bàbá Àgbà lọ kí àwọn ẹbí ní Ọ̀fà. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó jẹ́ nọ́ọ̀sì níbẹ̀ rí i tó ń kí òpó ilé pé "Àlàáfíà fún yín", ó ní bàbá òun kò ní padà sí Accra àyàfi tí wọ́n bá kọ́kọ́ yọ awọ ojú rẹ̀. Wọ́n yọ ọ́. Ọjọ́ kejì ni ohùn tí bàbá gbà sílẹ̀ wọlé sórí fóònù mi. Àwọn ènìyàn ń pariwo lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀rọ amúnáwá kan ń bú, bàbá sì di ẹnu mọ́ fóònù bí ẹni fẹ́ jẹ ẹ́.

"Ṣé o ń gbọ́ mi? Wọ́n ti ṣe é o. Alhamdulillah. Ẹ̀rọ mi yẹn ńkọ́? Ta á o. Ta á dáadáa kí n tó dé. Má jẹ́ kó kú mọ́ wa lọ́wọ́."

Mo gbọ́ ọ. Mo tún un gbọ́. Nínú ọ̀rọ̀ yẹn, tí ẹ bá gbé ohùn wálẹ̀ díẹ̀, títa ọjà ni; tí ẹ kò bá gbé e wálẹ̀, títa ayò ni. Ọkàn mi bá mi gbé e wálẹ̀. Mo ní, àgbà ti rí ọgbọ́n, ojú rẹ̀ ti là, ó ti rí i pé ẹ̀rọ náà ti gbó, ó ní kí n tà á kí ó tó kú mọ́ wa lọ́wọ́. Mo rántí "wá, jẹ́ ká ta á." Mo rántí rẹ̀ gan-an. Mo kàn kẹ̀yìn sí i ni.

Atúntẹlifíṣọ̀n-ṣe kan wà ní ọ̀kánkán tábìlì mi ní Adabraka. Ó mú ọmọlanke wá, ó gbé tẹlifíṣọ̀n, ó gbé ẹ̀rọ. Ó fi tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ kékeré kan ṣe pàṣípààrọ̀ fún mi, ó san ohun díẹ̀ lé e fún ẹ̀rọ. Mi ò ná kọ́bọ̀ nínú rẹ̀. Mo dì í sínú ọ̀rá, mo fi sábẹ́ ẹní ìkírun Bàbá Àgbà, mo sì ń yin ara mi pé olóòótọ́ ènìyàn ni mí. Lọ́jọ́ yẹn mo na ẹsẹ̀ méjèèjì, mo sùn bí ọba.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, Bàbá Àgbà pe Àǹtí. Àǹtí ń to ọṣẹ, ó sì ṣí fóònù sílẹ̀ kí gbogbo ojúde lè gbọ́ pé wọ́n pe òun láti Nàìjíríà. Bàbá ní òun máa wọ ọkọ̀ lẹ́yìn Jímọ̀ tó ń bọ̀. Ó wá bèèrè mi.

"Ṣé ọmọ yẹn ṣe ohun tí mo ní kó ṣe?"

Mo dáhùn láti ẹnu ọ̀nà, "Bàbá, ẹ má dààmú. Mo ti tà á!"

Ẹ mọ̀ pé bàbá ti mọ irú Yorùbá tí mò ń sọ. Ó ti pẹ́ tó ti ń bá mi gbé ohùn sókè níbi tó yẹ, láì sọ nǹkan kan. Ó gbà pé ayò ni mo wí. Inú rẹ̀ dùn.

"Alhamdulillah! Ta ló jẹ?"

Èmi rò pé gbèsè ló ń bèèrè. Mo ní, "Kò sẹ́ni tó jẹ, Bàbá. Owó pé. Ó wà lábẹ́ ẹní yín."

Ọwọ́ Àǹtí dúró lórí ọṣẹ.

"Owó wo?" ni Bàbá Àgbà wí.

"Owó ẹ̀rọ."

Ó wá ní, "Ta ló ní kí o tà á? Ta á ni mo ní kí o ta á!"

Ẹ pè é sókè kí ẹ gbọ́ bó ṣe rí. Àwọn tó wà lójúde bú sẹ́rìn-ín, Àǹtí fi aṣọ bo ẹnu. Bàbá Àgbà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Láti ọjọ́ tí wọ́n ti tú báńdéèjì, ìyẹn nìkan ni mò ń rò. Mo ní n kò ní gbẹ́kẹ̀ lé ẹnu ẹnikẹ́ni mọ́. Mo fẹ́ fi ojú ara mi rí bọ́ọ̀lù yẹn." Ó dágbére fún Àǹtí, ó sì pa fóònù.

Mo gbìyànjú láti gba ara mi sílẹ̀. Mo ní, "Àǹtí, ẹ̀yin náà ń ta ọṣẹ. Àwọn àgbà ń ta ayò. Ẹ pè é kí n gbọ́: ta ọṣẹ, ta ayò. Ọ̀kan náà ni! Kí ni ẹ̀ṣẹ̀ mi?"

Àǹtí wò mí títí. Ó ní, "Ó gbọ́n. Ó wá di olùkọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Ó dáa, yọ ọṣẹ kúrò níbẹ̀, fi 'á' rọ́pò rẹ̀. Ọṣẹ náà ńkọ́?"

"Ẹ... ẹ ń tà á."

"Ayò ńkọ́?"

Mo mú ọṣẹ kan, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá a tò.

"Ẹnu rẹ mọ̀ ọ́n," ó ní. "Dìde, lọ wá ẹ̀rọ bàbá rẹ kó tó dé."

Atúntẹlifíṣọ̀n-ṣe náà kò jẹ́ kí n jókòó tó fi bẹ̀rẹ̀ yẹ̀yẹ́, ó fi orúkọ tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá ní Accra pè mí. "Ẹ̀yin Alata! Òwúrọ̀ ẹ tà, ìrọ̀lẹ́ ẹ rà á padà. Ṣé bí ẹ ṣe ń là nìyẹn?" Tẹlifíṣọ̀n ti di wẹ́wẹ́, ó ti kó inú rẹ̀ sínú ike. Ẹ̀rọ ńkọ́? Ó ní obìnrin kan láti Tema, tó ń ta ẹja yìnyín lójú ọ̀nà ebúté, wá gba rédíò rẹ̀ tó wá tún ṣe. Ó rí ẹ̀rọ lórí tábìlì, ó fọwọ́ yí ìyíwọ́ ọ̀tún, ó yí i padà, ó sì ní òun máa mú un. "Kò nájà. Ìyá ẹ̀yà Gà tí kò nájà! Ẹ̀rù bà mí, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dín in kù fúnra mi."

Mo mú ọ̀rá owó lábẹ́ ẹní, mo fi owó ọjà tèmi kún un, mo wọ ọkọ̀ akérò tí a ń pè ní tròtrò lọ sí Tema. Lójú ọ̀nà mo ń hun irọ́. Mo fẹ́ sọ pé olè ló gbé e. Mo tún fẹ́ sọ pé iná rẹ̀ máa ń gbé ènìyàn, kí n bá a gbé e kúrò nílé. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bá ìyá náà níbi tó ti ń fi òòlù fọ́ yìnyín, tó gbójú sókè tó ní "Kí lo fẹ́, ẹja wo?", gbogbo irọ́ náà yọ́.

Twi ni a jọ ń sọ, tó ń bu Gà, èdè ìlú wọn, mọ́ ọn. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo sọ ti ojú bàbá, mo sọ ti ohùn orí fóònù. Mo sì sọ èyí tí mi ò tíì sọ fún ará ilé wa, pé mo mọ̀ nínú ọkàn mi pé ó lè jẹ́ ayò, àti pé bí màá ṣe na ẹsẹ̀ mi ni mo rò.

Ó gbé òòlù sílẹ̀. "Pe ọ̀rọ̀ méjèèjì náà kí n gbọ́."

Mo pè é.

"Ọ̀kan náà lo pè."

Mo tún un pè. Ó mi orí. Ó ní kí n rántí bí bàbá ṣe wí i, mo fi ohùn bàbá ṣe é. Ó pè é tẹ̀lé mi, ta á, tà á, ó sì péye bí ẹni tí wọ́n bí sí Ọ̀fà. "Gà náà ń gbé ohùn sókè sódò," ó ní. "Alata, kí lẹ fi ń kọ́ àwọn ọmọ yín nílé?"

Ó mú mi wọ ilé tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀rọ bàbá wà níwájú tẹlifíṣọ̀n, ó ti nù ún, ike tó jọ pákó ń dán. Ó ní kí n jókòó. Mo jókòó lápá òsì, ó jókòó lápá ọ̀tún, èjìká wa kanra, òórùn ẹja gbòde. Ó tan ẹ̀rọ, ó nà mí nínú ayò. Ó tún nà mí. Bó ti ń nà mí ló ń sọ̀rọ̀. Ọkọ rẹ̀ jẹ́ òṣìṣẹ́ ọkọ̀ òkun, ó ti kú. Irú ẹ̀rọ yìí gan-an ló mú wálé nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra. Bí ọkọ bá rí i pé òun ń pàdánù, á fi ìgúnpá gún un lẹ́gbẹ̀ẹ́, á ní àṣìṣe ni. Ẹ̀rọ tiwọn bàjẹ́ lẹ́yìn ikú ọkọ, ẹnì kan sì ti dà á nù.

"Ta ni ẹ ń bá ṣe é láti ìgbà tí ẹ ti ra èyí, Màmá?"

Ó na ọwọ́ méjèèjì hàn mí. "Òsì ń bá ọ̀tún ṣe é. Òsì ló ń borí. Ọ̀tún ti ge ẹja jù, ó ti rẹ̀ ẹ́."

Mo wo ilẹ̀. Mi ò mọ bí màá ṣe na ọ̀rá owó sí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Òun ló gbà á lọ́wọ́ mi. Ó mú ohun tí òun san, kò fi kún un, ó fún mi ní ìyókù. Ó yọ wáyà, ó fi aṣọ ìnuwọ́ wé ẹ̀rọ bí ẹni wé ọmọ tuntun.

"Bàbá náà, ṣé ó mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa?"

"Ó mọ̀ ọ́n, Màmá."

"Ó máa ń fi ìgúnpá gún ènìyàn?"

"Rárá. Ẹnu ló ń fi gún ènìyàn."

Ó rẹ́rìn-ín. "Mú un wá. Ẹ gbé ẹ̀rọ yìí dání, kí ó wá jókòó síbí, kí a ṣe é kan. Nítorí ìyẹn ni mo ṣe ń dá a padà. Kì í ṣe nítorí rẹ."

Mo ní, "Inshallah, Màmá."

"Inshallah tìrẹ yẹn, ti ìlérí ni, àbí ti àwọn tí kò fẹ́ wá?"

Mo búra fún un pé ti ìlérí ni. Ó fi ẹja méjì lé e fún Bàbá Àgbà.

Bàbá Àgbà dé lọ́jọ́ tó ní òun máa dé. Ó wọ pálọ̀, ó wo ògiri, ó wo tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ, ó wo ẹ̀rọ rẹ̀ níbi tí mo so ó sí. Ó wo ojú mi pẹ̀lú, ó sì ní, "Àṣé bí o ṣe gùn tó nìyí." Ó ṣe àlùwàlá, ó kírun, ó wá jókòó gba èjìká mi.

Bọ́ọ̀lù jáde. Mo gbọ́ bó ṣe mí sínú. Ó ń wò ó bó ti ń lọ, ó ń wò ó bó ti ń bọ̀, bọ́ọ̀lù kọjá lára ìlà rẹ̀, ẹ̀rọ ké. Ó gbàgbé láti yí ọwọ́. Ìkejì kọjá. Ẹ̀kẹta kọjá. Mo nà án débi pé ojú bẹ̀rẹ̀ sí í tì mí. Ó ní, "Ojú yìí ń dí mi lọ́wọ́." Ó pa á dé, ó tẹ́tí, ó sì ní kí n máa pe òkè, kí n máa pe ìsàlẹ̀. Mo ń pè é. Lójijì ó la ojú kan ṣoṣo.

"Ìsàlẹ̀ nìyẹn?" ó wí. "Bọ́ọ̀lù tó wà lókè yẹn?"

Àǹtí tó dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ́rìn-ín débi tó jókòó sílẹ̀. Bàbá Àgbà náà rẹ́rìn-ín, omi jáde lójú rẹ̀ tuntun, ó sì ń ka gbogbo ọdún tí mo ti rẹ́ ẹ jẹ sí mi létí. Láti ọjọ́ náà ló ti ń nà mí. Ó ń na àwọn ọ̀rẹ́ mi tó ń wá wo bọ́ọ̀lù pẹ̀lú, wọ́n sì ń tò síta báyìí láti jẹ ìyà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ wò ó, gbogbo rẹ̀ dára fún mi. Ẹ̀rọ padà, bàbá ríran, tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ ṣì wà lára ògiri, mo sì ń na ẹsẹ̀. Nígbà tí Bàbá Àgbà bèèrè bí mo ṣe rí ẹ̀rọ gbà, mo ní ẹnì kan ní Tema ló rà á, mo sì dá owó rẹ̀ padà fún un. Ó jẹ ẹja náà, ó ní ẹja dára. Mi ò sọ ìyókù. Lákọ̀ọ́kọ́ mo ní kí ojú rẹ̀ san tán ná. Lẹ́yìn náà òjò dé, mi ò fẹ́ kí omi kan ẹ̀rọ nínú tròtrò. Lẹ́yìn òjò, ààwẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òjò, kì í ṣe ààwẹ̀. Bí mo bá sọ ti ìyá yẹn, màá sọ ìdí tó fi dá ẹ̀rọ padà. Òun nìkan ló mọ̀ pé mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, ó sì lẹ́nu.

Ìyá Tema, tó ti gba nọ́ńbà mi lọ́jọ́ náà, pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá.

"Alata. Bàbá ti dé?"

"Ó ti dé, Màmá."

"Ojú rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó ń ríran dáadáa."

"Ẹ̀rọ ńkọ́? Ṣé ẹ ń ṣe é?"

"À ń ṣe é, Màmá."

"Ó dáa." Mo ń gbọ́ yìnyín tó ń fọ́ lẹ́yìn rẹ̀. "Ọjọ́ Sátidé mi kì í pẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù mọ́. Mo kàn ní kí o mọ̀."

Mo ní a ń bọ̀. Ó ní òun gbọ́.

Sátidé ti kọjá lánàá, a kò lọ. Bàbá Àgbà ń pè mí láti pálọ̀ bí mo ti ń kọ èyí, ó ti tan ẹ̀rọ, ó ní ẹ̀rù ló ń bà mí. Mò ń bọ̀, Bàbá. Ìyá kan wà ní Tema tó yẹ kí ó jókòó síbi tí mo fẹ́ jókòó sí yìí, ẹ̀yin kò sì tíì mọ̀ pé ó wà láyé.